Sarjubai àti Ọ̀nà Gbígbẹ Amarkantak

Nínú gbogbo àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn yí odò Narmada ká lọ́dún náà, kò sí ẹni tó mọ òṣé pa bíi Sarjubai. Ó ní èyí tó kúrú, tó wà fún àwọn tó bá wọ bàtà wọ àgbàlá òrìṣà. Ó ní èyí tó gùn, tó máa ń fà bí ìgbà tí ènìyàn ń ya aṣọ, tó wà fún àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì yí odò ká ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n á sì délé máa pariwo fún aládùúgbò pé àwọn náà ti ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù, tí kì í dún síta rárá, tó jẹ́ pé imú nìkan ló fi ń ṣe é, ti Sukwaro ni. Sukwaro ni obìnrin tí wọ́n jọ ń rìn.

Ká má tan ara wa, ìrìn náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ọdún mẹ́ta, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́tàlá ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ máa fi ṣe é. Odò ò gbọdọ̀ kúrò lápá ọ̀tún rẹ láti orísun títí dé etí òkun. O ó wọkọ̀ ojú omi kọjá níbẹ̀, o ó sì gba bèbè kejì padà síbi tí o ti gbéra. Tọrọjẹ ni wàá jẹ, ilẹ̀ ni wàá sùn. Èèwọ̀ tó wá tóbi jù ni pé o ò gbọdọ̀ gba orí odò náà kọjá, ì báà jẹ́ lórí afárá, ì báà jẹ́ níbi tí kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ. Bí o bá gbà á kọjá pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. O ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Sarjubai kì í ṣe ẹni tí irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Opó olùkọ́ ilé-ìwé ni, ará Barman, ìdílé àwọn àwòrò. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì gbẹ bí igi ìdáná. Ó mọ oríkì odò náà lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní èdè àtijọ́. Nínú àpò rẹ̀, ó ní ìwé atọ́nà kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, tó ti fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, àti ìgò kékeré kan tó bu omi odò sí. Níbi táwọn yòókù bá ti ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn darandaran, ìwé ni òun ń ṣí.

Ohun tó gbé e rìn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Oyún ti bàjẹ́ lára Nirupa, ìyàwó Devkaran, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin dúró, Sarjubai wọ inú odò dé ìbàdí, ó ní, "Ìyá, bí èyí bá wá sáyé láàyè, màá fẹsẹ̀ rìn yí ọ ká. Mi ò sì ní fojú kan ojú ọmọ náà títí màá fi parí rẹ̀." Oyún pé oṣù márùn-ún, ó gbéra lọ sí Amarkantak, níbi tí odò náà ti ń sun jáde láàárín òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi òkúta kan lẹ́nu ilẹ̀kùn gúúsù tẹ́ḿpìlì. Wọ́n bí ọmọ náà, ọkùnrin ni, Revaram ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí, ìyá bàbá rẹ̀ ò sì tíì mọ̀ bóyá ó dúdú tàbí ó pupa.

Ibi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ létí òkun ni Sukwaro ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ará òkè Amarkantak gan-an ni, ọmọ Gond, àwọn tó ni igbó yẹn kí ẹnikẹ́ni tó wá kọ́ tẹ́ḿpìlì síbẹ̀. Ara rẹ̀ ki, ó ń jẹ tábà, kò mọ ẹsẹ kan nínú oríkì. Láràárọ̀, nígbà tí Sarjubai bá ń ké oríkì tirẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì, Sukwaro á dúró sínú omi bí ẹni dúró lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò, á ní, "Ìyá, ṣé o jí dáadáa? Ẹ̀yìn ń ro mí o. Orúnkún náà ò gbẹ́yìn." Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá oúnjẹ.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà nìyẹn?" Sarjubai bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Mi ò mọ̀, Ìyá Devkaran. Ó ṣáà ń gbọ́."

Sarjubai fi imú dá a lóhùn. Kí ló dé tí kò lé e dànù? Ó máa ń sọ pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe òun. Irọ́ ni. Sukwaro ló máa ń tọrọ ìrẹsì gbà níbi tí wọ́n bá ti sé ilẹ̀kùn mọ́ Sarjubai lójú, nítorí pé Sarjubai máa ń tọrọ bí ẹni wá gba owó orí.

Ohun mìíràn tún wà. Sukwaro ní fóònù. Devkaran, ọmọ Sarjubai, rí nọ́ńbà rẹ̀ gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ sí i. Bí àwòrán bá ti wọlé, Sukwaro á lọgun, á fọwọ́ gbá itan.

"Gbé e kúrò níwájú mi!" Sarjubai á ti kẹ̀yìn síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n sọ ti etí nìkan."

"Mo ní o pa ẹnu ẹ dé."

"Ojú lẹ ní ẹ ò ní rí, Ìyá Devkaran. Etí kì í ṣe ojú."

"Irú yín ló ń bá Ọlọ́run dúnàá-dúrà bí ẹní ń ra àlùbọ́sà!"

Kò sí ohun tí Sarjubai kórìíra tó irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Hoshangabad, wọ́n rí ìyàwó oníṣòwò kan tó gbé mọ́tò gba orí afárá. Ó fi aṣọ di ojú rẹ̀ pinpin, ó ní ohun tí ojú òun ò rí, òun ò gbà á kọjá. Sarjubai pa òṣé gígùn sí i títí mọ́tò náà fi yà lọ́ọ̀ọ́kán. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ obìnrin náà ni ó ń sọ ṣáá, pé ta ló rò pé òun ń tàn, pé ṣé òrìṣà náà fọ́jú ni. Sukwaro ní bóyá ẹsẹ̀ ló ń dun obìnrin náà.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí wọ́n fi dé òkè Amarkantak ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ìgbà tí òdòdó igi mahua ń já bọ́ kiri ilẹ̀. Apá àríwá ni wọ́n ti yọ. Wọ́n rí àwọn ṣóńṣó funfun orí tẹ́ḿpìlì láàárín igi. Ẹsẹ̀ Sarjubai fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré fúnra rẹ̀. Ó kù kó dé ibi òkúta ẹnu ilẹ̀kùn gúúsù, kí ìyíká náà pé, kí ó da omi ìgò rẹ̀ sínú adágún, kí ó yíjú, kí ó sì wo ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Fóònù Sukwaro dún. Devkaran ni.

"Màmá, a ti dé láti àárọ̀. Àgbàlá tẹ́ḿpìlì la wà. Ọmọ yín ò jẹ́ ká gbádùn, omi ló fẹ́ kó sí. Ibo lẹ wà?"

"Mò ń bọ̀," ni Sarjubai wí. Ohùn rẹ̀ yí padà. Láti inú fóònù náà ni ó ti gbọ́ ohùn kékeré kan tó ń kígbe pé òun fẹ́ bọ́ ṣòkòtò.

Ibi tí wọ́n wà yẹn gan-an ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ọ̀kan lọ tààrà, ó gba ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì bọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn gúúsù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èkejì yà sí apá òsì wọ inú igbó, ó lọ yí ẹ̀yìn ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ọgbà Ìyá ká, kó tó wá ṣẹ́rí padà. Ìrìn wákàtí kan dáadáa ni. Sarjubai ti gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀nà tààrà.

"Ìyá Devkaran, ẹ̀yìn ọgbà la máa gbà o."

"Kí ni a fẹ́ lọ já níbẹ̀?"

"Inú ọgbà yẹn ni Ìyá ti kọ́kọ́ yọjú sáyé. Abẹ́ ilẹ̀ ló wá gbà títí tó fi tún yọ nínú adágún tẹ́ḿpìlì. Tẹ́ ẹ bá gba àárín ọgbà àti tẹ́ḿpìlì, orí rẹ̀ lẹ gbà kọjá yẹn."

Sarjubai wo ọ̀nà tó wà níwájú. Iyanrìn pupa ni, ó gbẹ táútáú, ewéko orí rẹ̀ ti rọ. Ó yọ ìwé rẹ̀, ó tọ́ ìka lẹ́nu, ó ṣí i. "'Nínú adágún tẹ́ḿpìlì Amarkantak ni odò Narmada ti sun.' Ó wà nínú ìwé. Ta ló sọ ti abẹ́ ilẹ̀ fún ẹ?"

"Ìyá tó bí ìyá mi."

"Ṣé ìyá yẹn mọ̀wé?"

"Rárá o. Àmọ́ omi ló máa ń pọn níbẹ̀."

"Ṣíọ̀! Èmi tí mo rin odò yìí já, tí mo ké oríkì rẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ìyá apọnmi inú igbó ló fẹ́ wá kọ́ mi níbi tó ti sun? Wo ara ẹ, Sukwaro. O ò mọ oríkì, o ò mọ ìwé, ẹnu ẹ ń rùn tábà. Ọ̀lẹ ni ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ, ó wá di ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ, ẹsẹ̀ ẹ wá ń yá. Ọmọ-ọmọ mi ń dúró dè mí."

Sukwaro wo ilẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì hàn lójú rẹ̀. "Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Èmi á gba ibi tí ẹsẹ̀ mi mọ̀. Ẹ bá mi gbé Revaram mọ́ra." Ó tutọ́ tábà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yà sínú igbó.

Sarjubai ò bojú wẹ̀yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà tó fi rí àwọn lébìrà mẹ́ta tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò la ojú ọ̀nà já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Omi kún kòtò náà dé orúnkún. Wọ́n ń fi garawa gbọ́n ọn, òógùn bò wọ́n, omi náà ò sì dín. Pákó kan ni wọ́n tẹ́ lé e fún àwọn tó ń kọjá.

"Ìyá, ẹ rọra gùn ún o," ọ̀kan nínú wọn ní. "Láti àárọ̀ la ti ń gbọ́n omi yìí. Bá a ṣe ń gbọ́n ọn ló ń wá. Ó sì tutù, ẹ tọ́ ọ wò, dídùn ni."

Sarjubai fún un ní òṣé kúkúrú. "Ẹ ti fi ọkọ́ bẹ́ páìpù ìjọba, ẹ wá dúró ẹ̀ ń tọ́ omi wò. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín ló ṣàṣìṣe." Ó gun pákó náà. Pákó rì díẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ tutù bá a lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó ti wà lódìkejì.

Àwòrò àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ẹnu ilẹ̀kùn gúúsù, ẹni náà gan-an tó súre fún un lọ́jọ́ tó ń lọ. Baba náà ti darúgbó débi pé ọmọ ni ó ń pe gbogbo ayé. Sarjubai wólẹ̀, ó kí i, "Narmade Har!" Baba dáhùn, ó mú àtùpà ìbùkún dání. Ó wá rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Òjò ò rọ̀ níbí láti oṣù méjì, ọmọ mi. Ibo lo ti rí ẹrọ̀fọ̀?"

"Wọ́n ń gbẹ́ kòtò lójú ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn, baba. Wọ́n ti bẹ́ páìpù."

Baba gbé àtùpà náà sílẹ̀. "Kò sí páìpù lábẹ́ ọ̀nà yẹn rí," ó ní. "Kí wọ́n lè ri páìpù síbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò."

Sarjubai wá mọ ohun tí òun gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ṣì fẹ́ jà. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó nà án sí baba. "Ó wà nínú ìwé pé inú adágún ló ti sun!"

"Gbogbo ẹni tó bá ti àríwá bọ̀ ló ń yí ẹ̀yìn ọgbà ká. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n níbí. O ò béèrè ni?" Baba gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ẹni tó kọ ọ́ yìí, ṣé ó rìn ín?"

Sarjubai gbà á padà, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, tó ti kà tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé ọ̀gbẹ́ni náà wọ rélùwéè dé Pendra, ó sì wọ bọ́ọ̀sì dé Amarkantak. Kò tíì kà á rí bíi tọjọ́ yẹn. Èrò bọ́ọ̀sì ni òun náà.

"Èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni," baba ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìwọ àti òun ni."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ohùn kékeré yẹn dún láti inú àgbàlá. "Ìyá àgbà dà? Ṣé ìyẹn ni?"

Ìṣẹ́jú kan wà tí Sarjubai lè fi yí padà. Kò sẹ́ni tó rí i lórí pákó tó mọ̀ ọ́n. Baba ti ní òun ò ní sọ̀rọ̀. Ó kàn máa yíjú ni, kó sì rẹ́rìn-ín. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí ògiri tẹ́ḿpìlì, ó fi iwájú orí ti òkúta, ó dijú mọ́lẹ̀.

"Màmá?" Devkaran ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ ti parí?"

"Gbé ọmọ náà lọ."

"Ẹ̀ẹ́?"

"Mo ní gbé e lọ!"

Nirupa ò dákẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ronú ohun tó máa wí lọ́jọ́ yìí, kì í ṣe èyí ló sì rò. "Mo mọ̀," ó ní. "Wọn ò fẹ́ràn èmi rí. Ọmọ tí wọ́n ní tìtorí rẹ̀ làwọn ṣe ń rìn, òun náà ni wọ́n wá kẹ̀yìn sí lójú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ o jàre."

"Mo gba orí odò kọjá." Sarjubai sọ ọ́ sí ògiri. Ó ní láti tún un sọ kí wọ́n tó gbọ́. "Nirupa, gbọ́ mi. Mo gba orí rẹ̀ kọjá. Kò tíì pẹ́ rárá. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mo sì bú ẹni tó kìlọ̀. Mi ò tíì parí nǹkan kan. Mi ò lè wò ó."

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí Sukwaro fi dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tó kún fún eruku. Ó fọwọ́ kan òkúta, ó ní, "Ìyá, mo dé o," ó parí tirẹ̀ nìyẹn. Ó wá wo Sarjubai lára ògiri, ó wo ẹrọ̀fọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo sọ fún yín," ó ní. Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀.

"O sọ fún mi."

"Ọmọ náà ń wò yín o."

"Mo mọ̀."

Sukwaro yọ tábà tó wà lẹ́nu rẹ̀ jù nù. "Ojú lẹ ní ẹ ò ní rí. Ẹ ò sọ pé ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ fi aṣọ dijú."

"Bíi ti ìyàwó oníṣòwò orí afárá yẹn?"

"Bíi tiẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Láéláé," ni Sarjubai wí.

Ọwọ́ kan fa etí aṣọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. "Ìyá àgbà, kí lẹ̀ ń wò lára ògiri?"

Sarjubai gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fa aṣọ funfun orí rẹ̀ bo ojú, ó sì dì í lẹ́yìn orí ní kókó méjì. Lẹ́yìn náà ni ó tó yí padà, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Eré ló pè é. "Ẹ ò lè mú mi!" Ó sá lọ sí ọ̀tún, ó sá lọ sí òsì. Sarjubai, ọmọ ìdílé àwòrò, opó olùkọ́, ń fi orúnkún rìn tẹ̀lé e láàárín bàtà àwọn èrò, ó ń na ọwọ́ kiri. Ó mú ẹsẹ̀ Devkaran. Ó mú etí aṣọ Nirupa, Nirupa ò sì yẹra, ó rọra tì í sí apá ibi tí ọmọ wà. Ọwọ́ rẹ̀ wá ba orí kékeré kan tó lómi lára. Ó dì í mú. Ó fọwọ́ tọ etí rẹ̀, ó rí i pé ó ká díẹ̀ lókè, bíi ti òun náà, bíi ti bàbá tó bí òun lọ́mọ.

Àwọn èrò bọ́ọ̀sì tó tò sẹ́nu ọ̀nà ti dúró, wọ́n ń wòran. Obìnrin kan láàárín wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ wo ìyá arúgbó yìí. Aṣọ ló fi fẹ́ tan òrìṣà jẹ. Ta ló rò pé òun ń tàn?" Ó wá pa òṣé, èyí tó gùn, tó fà bí ìgbà tí ènìyàn ń ya aṣọ.

Sarjubai gbọ́ ọ títí tó fi tán. Ó di ọmọ náà mú.

"Ìyá àgbà, ìgbà wo lẹ máa tú u?"

Láàárọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó mú, ó máa padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yìí, kí odò sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà.

"Tí o bá pé ọmọ ọdún mẹ́fà."

Ọmọ náà na ìka mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá mẹ́ta yòókù.